Adájọ́ Ẹ̀yìn Ògiri

Ọmọ Màmá Aránṣọ ló ra kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ láti òkè òkun, nígbà tí ojú màmá kò ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ti fi ètò kan sínú rẹ̀. Bí èèyàn bá kun orin sí i, ètò náà á to kọ́ọ̀dù sábẹ́ orin ọ̀hún, ìyẹn àwọn ohùn mẹ́ta mẹ́rin tó máa ń jọ dún lábẹ́ ohùn olórin. Kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan a sì wà nínú àpótí aláwọ̀ tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò bá wu èèyàn, yóò tẹ̀ ẹ́, òmíràn á rọ́pò rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀," ni ọmọ wí lórí fóònù. "Kò ní pa yín jẹ."

"Ta ló ń bẹ̀rù? Ẹ̀rọ ìránṣọ tó gún mi níka ńkọ́, ṣé mo sá fún un?"

"Ẹ ṣáà máa fi ṣeré, kí ọwọ́ yín má baà dilẹ̀."

Orin kan wà tí màmá ti ń kùn nídìí ẹ̀rọ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Kò lọ́rọ̀ nínú. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ tán rí, títí kan ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ohun tó ń wá kò ju kí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ ọ dé òpin, kí ó sì dùn mọ́ ẹni náà. Ó kùn ún sínú ètò, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Orin kò tíì lè dé ìdajì létí ọmọ náà tí àwòrán àtàǹpàkò fi dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ó dáa. Màmá wo àtàǹpàkò náà títí, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Àsìkò yẹn ni bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ kó wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá pàdé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ọmọbìnrin náà fi apá kọ́ bàbá lápá, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Màmá kí wọn káàbọ̀. Ọmọ dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá kò dáhùn. Ńṣe ló yínmú.

"Àgbà mìíràn ò ṣeé kí," màmá sọ fún ara rẹ̀ nígbà tó wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tan orin rẹ̀. Bó ṣe kan àpótí kẹta, wọ́n gbá ògiri: gbà, gbà, gbà. Kì í ṣe ìka ni wọ́n fi kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ ni, nísàlẹ̀, níbi tí ibùsùn máa ń ga mọ. Màmá dín ohùn kù, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún kan àpótí kẹta, wọ́n tún gbá a.

Ẹni tó ti ránṣọ fún aráyé mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ibi tí aṣọ bá ti fún oníbàárà ni yóò ti pariwo. Ibi tó bá bá a lára mu, kò ní sọ nǹkan kan. Bó bá pariwo, a tú u, a tún un rán. Màmá tẹ àpótí kẹta, kọ́ọ̀dù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ògiri dákẹ́.

"Ẹ ṣé, Adájọ́," ni màmá wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Bí ọmọbìnrin náà bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, ilé ẹjọ́ ti jókòó nìyẹn. Kọ́ọ̀dù tí màmá fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù, nítòsí ìparí orin, òun ni wọ́n gbá ògiri fún jù, tí ife fi ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ó dun màmá. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó tú u.

Ká sòótọ́, màmá dá wà. Ẹni tó ń báni jà náà, ẹnì kan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun rẹ̀ kó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tó bá pẹ́, wọn a gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan péré, kó tiẹ̀ tó tan nǹkan kan.

"Ẹ ṣe sùúrù, kí ló lé yín?" ni yóò wí. "Mi ò tíì jẹun."

Díẹ̀díẹ̀, gbígbá náà ń dín kù. Ó wá di ọjọ́ kan tí orin bẹ̀rẹ̀ tó sì parí tí ògiri kò sọ nǹkan kan. Màmá dúró. Ó gbọ́ tí ibùsùn dún lódìkejì, tí ẹnì kan wúkọ́. Bàbá wà nílé. Ó tún orin náà tàn látòkèdélẹ̀, wọn ò gbá nǹkan kan. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, bákan náà. Omi bọ́ lójú màmá, inú rẹ̀ dùn. Ẹnì kan ti gbọ́ orin rẹ̀ dé òpin, kò sì rí ibi tó fún un.

Nírọ̀lẹ́, ó wọ aṣọ tó rán kẹ́yìn fún ara rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, ó lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."

"Mi ò pẹ́, ọmọ mi. Bàbá ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n bá mi tún orin mi ṣe. Ó ti pé báyìí, wọn ò gbá ògiri mọ́."

Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn, wo ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí níbẹ̀, ó ń wo kọ̀ǹpútà tó wà láyà màmá.

"Màmá, láti àná tí inú Dádì ò ti dùn mọ́, èmi gan-an ti ń rò ó pé bóyá a ṣẹ̀ yín tí ẹ ò fi tan orin mọ́," ni ó rọra wí. "Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn àti apá òsì Dádì, bí nǹkan bá dùn mọ́ wọn, wọn ò ní ọwọ́ kejì tí wọ́n máa fi pàtẹ́wọ́, ògiri yín ni wọ́n ń lò."