Ẹ̀rọ Ìgbálẹ̀ Ilé Tíṣà

Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ilé ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ ra tuntun. Fáànù tó ti gbó, áyọ́ọ̀nù tó ti jóná, ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tí kò lè fa eruku mọ́, gbólóhùn kan náà ló ní fún gbogbo wọn: "Kò bàjẹ́ tán." Òun náà ni àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Tíṣà gbé ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ìgbà kẹrin láàárín oṣù mẹ́fà. Oòrùn mú ganrínganrín, síbẹ̀ Tíṣà wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn tó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó sì fa fìlà wálẹ̀ dé etí. Ó rọra jókòó sórí àpótí. Páìpù ẹ̀rọ náà ti ṣẹ́ sí méjì, bó ṣe máa ń ṣẹ́.

"Ó tún bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ni?" Kò-bàjẹ́-tán béèrè.

"Ó bọ́ ni."

"Tíṣà, àtẹ̀gùn yín yìí mà lágídí o."

Tíṣà rẹ́rìn-ín láìla ẹnu. "Ẹ bá mi fi oníke sí i. Èyí tó bá fúyẹ́ jù."

"Oníke náà ló ń ṣẹ́ yìí. Irin ló yẹ yín. Ta ló tilẹ̀ ń lò ó nílé?"

"Ìyàwó mi ni. Oníke ni kí ẹ fi sí i, ẹ jọ̀ọ́. Irin ti wúwo jù."

Nígbà tí Tíṣà lọ tán, Kò-bàjẹ́-tán da àpò eruku sórí ìwé ìròyìn. Irun kúkúrú funfun díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Eyín ènìyàn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti gbé irú eyín bẹ́ẹ̀ wá hàn án rí, nínú aṣọ ìnujú, nígbà tó sá wá láti ilé ọkọ. Kò-bàjẹ́-tán sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́ tán, pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́, kó padà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ránṣẹ́ pè é kó wá wo òkú. Ojú ọmọbìnrin náà wú débi pé àpá ọwọ́ rẹ̀ ló fi dá a mọ̀. Kò-bàjẹ́-tán kò tíì dárí ji ara rẹ̀. Ó ká ìwé ìròyìn náà pọ̀, ó sì búra pé obìnrin kan kò tún ní kú lójú òun.

Ní Ọjọ́rú, ìyàwó Tíṣà wá gba ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe tán. Obìnrin gíga ni, irun dúdú tó dì gùn dé ẹ̀yìn. Ó wọ dígí dúdú, báńdéèjì sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ní ibi oríkèé ìka.

"Ta ló ṣe yín báyìí, ìyá?"

"Ilé le, ẹ̀gbọ́n mi. À ń mú un mọ́ra ni."

Ẹ̀rọ tuntun kan wà lórí pẹpẹ, tí ọ̀rẹ́ Kò-bàjẹ́-tán kó wá fún títà. Irin ni páìpù rẹ̀. Obìnrin náà yọ ọ́, ó gbé e wò, ó sì dì í mú gírígírí.

"Tíṣà ò fẹ́ kí n ní irú èyí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń sọ ọ́."

Inú Kò-bàjẹ́-tán dùn sí bó ṣe dì í mú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo máa gbé e wá fún yín. Ẹnikẹ́ni tó bá tọ́ ìjà yín nílé yẹn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa fi dá a lóhùn."

Obìnrin náà wò ó títí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, Tíṣà sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbé tuntun fún ìyàwó mi. Ẹ dákun, ti àtijọ́ yẹn kò bàjẹ́ tán. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Kò-bàjẹ́-tán gbọ́wọ́ sókè. Kí ọwọ́ náà tó dé, Tíṣà ti lóṣòó, ó ti fi apá méjèèjì bo orí. "Ẹ má bínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Kò-bàjẹ́-tán gbá a létí. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gún un níhà lẹ́ẹ̀mẹta, títí tí nǹkan fi dún kẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹnu Tíṣà sórí símẹ́ńtì. Kò gbẹ̀san. Fìlà rẹ̀ nìkan ló ń dì mú.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ti wá mọ bó ṣe ń dunni?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Tíṣà wí.

Kò-bàjẹ́-tán fa òòlù yọ, ó sì fọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ náà túútúú níṣojú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì, páìpù oníke àti gbogbo rẹ̀.

"Ó bàjẹ́ tán," ó ní. Tíṣà bú sẹ́kún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kò-bàjẹ́-tán fúnra rẹ̀ ló gbé tuntun lọ sílé wọn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ilé náà, kò ní àtẹ̀gùn kankan, ìyẹn sì tún bí i nínú sí i. Obìnrin náà ti bọ́ dígí dúdú, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí àpá níbẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ náà tayọ̀tayọ̀. Tíṣà dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ìhà mú. Kò-bàjẹ́-tán sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí àbúrò rẹ̀ ti kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó Tíṣà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé àlàáfíà ni? Tíṣà ńkọ́?"

"Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni obìnrin náà wí, ó sì gbé páìpù irin tó ti fọ̀ mọ́ tónítóní lé orí tábìlì, "ti oníke yẹn, bí mo bá ti fi lù ú lórí lẹ́ẹ̀mejì péré ló ti ń ṣẹ́, ṣùgbọ́n eléyìí ò tilẹ̀ tẹ̀ títí Tíṣà fi dákẹ́."