Wáyà Tí Adébánjí Fi Rọ́pò Fíúsì

Ẹ jọ̀ọ́, bí bátìrì bá wà nílé yín, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láìkà á tán.

1.
Mowe ni Adébánjí ń gbé. Ó ní rédíò kan, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tó fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dé ọ̀nà jíjìn. Ayọ̀níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ nínú pálọ̀ kan náà, aṣọ ìgbéyàwó funfun ti Kaosarah, oníbàárà rẹ̀, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò wá gbà á.

Sùlèímọ́nù, rewáyà tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Ibafo, ló fa wáyà méjì láti ara bátìrì ńlá tó ń gbé rédíò náà ṣiṣẹ́, ó mú wọn gba ẹ̀yìn máṣíìnì ìránṣọ dé ìdí rédíò. Ó fi fíúsì, tí ń jó kí wáyà má baà gbóná jù, sí wáyà méjèèjì, lẹ́bàá bátìrì gan-an.

2.
Fíúsì jó ní ọjọ́ Túsìdeè. Adébánjí fi òmíràn sí i. Ó tún jó ní Fúráìdeè.

"Sùlèímọ́nù mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ayédèrú sí i ni, kí n lè máa pè é. Ọ̀nà àtijẹ rẹ̀ nìyẹn! Ṣé o rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń lọ?" ni Adébánjí wí.

"Bàbá Jọmílójú, ta ni kì í rẹ́rìn-ín? Ẹ pè é," ni Ayọ̀níkẹ́ dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

Ó pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé wáyà ti bó níbì kan. Ẹ yọ ọ́ lára bátìrì. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, mo ń bọ̀."

Adébánjí pa fóònù. "O gbọ́ ọ? Kò tíì débí, ó ti mọ̀ pé wáyà bó! Ta ló bó o?"

3.
Ó bá fi wáyà lásán so ojú fíúsì pọ̀. Rédíò tàn. Ó pàtẹ́wọ́.

"Kí ló ń rùn yìí?" ni Ayọ̀níkẹ́ wí.

"Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa ni. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa sun rọ́bà."

Wáyà náà ti pọ́n bí ẹyin iná lẹ́yìn máṣíìnì. Ó ran kọ́tìnì, ó ran aṣọ funfun náà. Adébánjí fa wáyà náà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó.

Sùlèímọ́nù ló sáré wọlé, tó gé wáyà lẹ́bàá bátìrì, tó da yẹ̀pẹ̀ lé iná. Ó gbé máṣíìnì sókè. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ló ti tẹ wáyà náà bó. Rọ́bà tí Sùlèímọ́nù fẹ́ fi bo wáyà ṣì wà lápò rẹ̀.

Ní Sátidé, Ayọ̀níkẹ́ ló kúnlẹ̀ bẹ Kaosarah, ọmọdébìnrin tí ó lè bí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí fíúsì bá jó, ẹ wá ohun tó jó o. Ẹ má fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ láé. Ẹ sì fi fíúsì sí ẹ̀bá bátìrì, kì í ṣe ìdí rédíò, kí ó lè dáàbò bo gbogbo wáyà. Kí ẹ tó fura sí ẹni tó tún un ṣe, ẹ gbé máṣíìnì yín wò ná.