Àtẹ̀gùn Mẹ́rìnlélógójì

Ní ọdún 2013 ni káńsù parí ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn àgbàlagbà ní Egan. Ilé alájà mẹ́ta ni, ó ní yàrá mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ìgbìmọ̀ fi jókòó lé e lórí. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n mu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n wọkọ̀ òfuurufú lọ wo irú rẹ̀ nílùú òyìnbó. Nígbà tí wọ́n máa fi dìde, òkè ni gbogbo yàrá wà. Ọ́fíìsì, gbọ̀ngàn ìpàdé àti ibi tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ń gbé mọ́tò sí ló gba ìsàlẹ̀.

Shasha ni Hàbíbátù ti gbọ́ nípa rẹ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tó ti ń gbé láti ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí náà ti kú, kò sì sẹ́ni tó kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú rẹ̀ tó lè gbà á sílé. Lánlọ́ọ̀dù ti ta ilé. Ẹni tó rà á fẹ́ wó o, ó sì ti ní kí gbogbo ayálégbé kó jáde kí oṣù Kẹwàá tó parí. Bí káńsù ò bá fún Hàbíbátù ní yàrá, ìta ló máa sùn.

Olútóyìn, káfíńtà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, wà lára àwọn tó so ilẹ̀kùn ilé Egan. Òun ló mú ìròyìn wá. Ó ní àwọn tó ti kọ orúkọ sílẹ̀ bíi ti Hàbíbátù lé ní igba, àti pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n máa pe gbogbo wọn, oníkálùkù á sì gun àtẹ̀gùn lójú àwọn òṣìṣẹ́ káńsù. Hàbíbátù bi í pé mélòó ni àtẹ̀gùn ọ̀hún. Ó ní mẹ́rìnlélógójì.

“Ó ti yé mi,” ni Hàbíbátù wí. “Wọn ò fẹ́ ẹni tó máa ṣubú kú mọ́ wọn lọ́wọ́.”

Olútóyìn ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣebí òkè ni yàrá wà.

Láti ọdún mẹ́jọ ni Hàbíbátù ti ń kírun nísàlẹ̀ mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, torí òkè ni ààyè àwọn obìnrin, orúnkún rẹ̀ ò sì gbà á. Láti ọjọ́ kejì ìròyìn yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, àtẹ̀gùn méjìlélógún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó ní ìdajì ọ̀nà, ó sunkún. Ó ń fi àdí àgbọn ra orúnkún, ó ń fi aṣọ dì í. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè kí wọ́n tó pèrun. Àwọn obìnrin tó kù ní màṣá Allah, ara màmá ti yá.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Abigail, òṣìṣẹ́ káńsù, dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bàbá Ràímì, aránṣọ kan láti Akowonjo tí òun àti Hàbíbátù jọ to ìlà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ, ló ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó dé àtẹ̀gùn kẹsàn-án, ó jókòó, kò lè dìde mọ́. Ọkùnrin méjì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un lómi, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bàbá náà ń sunkún lójú gbogbo ayé. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe Hàbíbátù, àmọ́ ó pòṣé. Ẹni tó fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ta ayò, kí ló rò pé òun máa rí?

Nígbà tó kan Hàbíbátù, Abigail fẹ́ dì í lápá mú.

“Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi.”

Ó gun mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógójì láìsinmi. Abigail tó ń tẹ̀ lé e ló ń mí hẹlẹ. Lókè, Abigail bi Hàbíbátù pé ta ló ń bá wọn pọnmi nílé, ta ló ń dáná fún wọn.

“Èmi náà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?”

“Ara yín mà le o, Màmá,” ni Abigail wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Hàbíbátù rìn dé yàrá kẹrìnlélógún, èyí tó wà ní igun. Afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀ dáadáa. Ó fi ọkàn yàn án.

Nígbà tó padà sí Shasha, ó kó sítóòfù àti àga rẹ̀ fún Olútóyìn. Àwọn ayálégbé yòókù ti rí ilé kan ní Akesan, wọ́n sì ní àwọn fi yàrá kékeré ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíì jàre, òun ti rílé. Wọ́n fún ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ tí káńsù ń pín kọ́kọ́rọ́, oṣù Kẹwàá ku ọjọ́ méjì kó parí. Hàbíbátù gbé ẹní, kẹ́tùrù àti àpótí rẹ̀ dé Egan. Ó rí Bàbá Ràímì tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀, ó tún pòṣé. Ó kọjá lọ bá Abigail, ó na ọwọ́, ó ní kó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ òun.

Abigail yẹ ìwé wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó wá rọra ṣàlàyé pé àwọn tí ara wọn ò gbé e mọ́ láti dá gun àtẹ̀gùn nìkan ni káńsù ń fún ní yàrá, pé láti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n ti yọ orúkọ Màmá kúrò, àti pé bí kò bá ní ni wọ́n lára, níwọ̀n ìgbà tí ara wọn ti le, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn gbé àpótí Bàbá Ràímì gòkè, torí àtàárọ̀ ni bàbá náà ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹsàn-án pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹrìnlélógún lọ́wọ́.