Àjànàkú Ń Pe Àjànàkú

Ọkọ̀ ogun ojú omi mẹ́ta ló ti jẹ́ Àjànàkú. Èkíní rì kí wọ́n tó bí mi. Èkejì rì ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn pẹ̀lú Ládiméjì, àbúrò mi, tó ń tọ́jú rédíò rẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú rédíò ẹ̀kẹta.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, òkun dákẹ́ rọ́rọ́. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn kan sì wí pé, "Àjànàkú, èmi Àjànàkú ni mò ń pè ọ́."

Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, àgbà atukọ̀, gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Má dáhùn. Ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ ìpè òru tí a kò bá rí ẹni tó ń pè?"

"Bó bá jẹ́ Ládi ńkọ́, Bàbá?"

Ó jáde lọ wo ojú omi. Ohùn náà tún pè. Mo gbé máìkì súnmọ́ ẹnu.

Omi tútù kán sí mi lọ́rùn. Ẹnìkan dúró sẹ́yìn mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí àdúrà alẹ́ Màmá bá gùn jù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má dáhùn. Ohùn yẹn náà ni mo dá lóhùn."