Ẹni Tó Ń Lo Nọ́ńbà Ẹ̀rọ Mi

Mo so ẹ̀rọ kékeré tó ń dènà ìpolówó mọ́ ráwútà ilé mi, ni íńtánẹ́ẹ̀tì bá kú. Mo pe Oyèdélé, àbúrò mi tó mọ iṣẹ́ náà.

“Nǹkan mìíràn ń lo nọ́ńbà tí ráwútà fún ẹ̀rọ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orúkọ tó kù lójú ìwé ráwútà lórí fóònù yín.”

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo yọ ẹ̀rọ náà. Yàtọ̀ sí fóònù ọwọ́ mi, orúkọ kan ṣì kù.

“Àbí ẹ ti gbé ìyàwó tuntun wọlé?” Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Fóònù Àwẹ̀ró ni.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó mi ni Àwẹ̀ró. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta lálẹ́ ọjọ́ òjò. Ó ń pè mí títí ó fi kú síbẹ̀. A kò rí fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín.

Ìlà kan péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, àmì pé ó jìnnà. Ó di méjì. Ó di mẹ́rin.

Mo sáré ṣílẹ̀kùn. “Wọlé, jọ̀ọ́, Àwẹ̀ró.”

Ẹ̀yìn mi, nínú pálọ̀, ló ti dáhùn: “Bàbá Ṣọlá, ó kàn yín. Ẹ bọ́ síta.”