Ọwọ́ Kánjúkánjú

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá rédíò ọkọ mi mọ́ ara mi.

Mò ń tẹ kóòdù Mọ́ọ̀sì tó kọ́ mi: ìró kúkúrú, ìró gígùn, títí yóò fi di ọ̀rọ̀ tí rédíò ń gbé lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a kò fojú rí rí dáhùn láti òkè òkun.

"Kánjúkánjú, o ti dé? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Kánjúkánjú ni ó ń pe ọkọ mi; bó ṣe ń béèrè lójoojúmọ́ nìyẹn.

"Ó ti jẹun," ni mo tẹ̀ ní orúkọ ọkọ mi.

Ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà òjò. Bí mo bá sọ ọ́, ẹni kan ṣoṣo tó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ bí alààyè yóò dákẹ́. Bí n kò bá sọ ọ́, inú irọ́ yìí ni n ó kú sí.

Ọmọ mi ń kanlẹ̀kùn. "Mọ́mì, oúnjẹ ti tutù o!"

Rédíò tún dún. "Mò ń bọ̀ wá kí yín."

Mo fèsì pé: "Má wá. Ara mi kò yá."

Ó dá mi lóhùn.

"Ìyàwó wa, Kánjúkánjú kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin máa ń dúró gbọ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń béèrè. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ìdáhùn.

"Rárá."