Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé Lára Egungun Òkun

Ìwé tuntun náà wà lórí tábìlì ní pálọ̀ agbo ilé wọn ní Bẹyẹrunkà. Iṣẹ́ ọdún méjì ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ Mujeebat ni wọ́n kọ sábẹ́ gbogbo àwòrán. Kò sí orúkọ Èjìdé níbì kan.

"Ogójì ọdún ni mo fi ń ya egungun àwọn ẹ̀dá inú òkun fún yunifásítì," ni Èjìdé wí. "Wọn kò tó ẹyọ iyanrìn, ihò ara wọn sì ju ti ajọ̀ lọ. Ọwọ́ tí ìyá mi fi kọ́ mi ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fi ń yà wọ́n. Òun náà ni mo fi kọ́ ọmọ yìí."

Gàfárù, àbúrò rẹ̀, wo Mujeebat tí ó kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ọmọ bíbí inú Gàfárù ni.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ?"

"Rárá, Bàbá. Ohun tí Dókítà Olúdayọ̀ ti yunifásítì rí ni wọ́n kọ."

"Kí ni wọ́n rí?"

Mujeebat wo Èjìdé.

Qúdrát, ìyàwó ilé, rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí a ní kó bá wa fọ àwo, ó ti kó àwo lọ sílé ọkọ."

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán, lápá ọ̀tún," ni Èjìdé wí. "Ẹ ó rí ẹsẹ̀ ẹyẹlé. Àmì ìyá mi ni, òun ni mo ń fi síṣẹ́ mi. Ẹ̀dá òkun kò ní irú rẹ̀ lára."

Gàfárù gbé ìwé lọ sídìí fèrèsé. Ó rí i, kékeré, láàárín àwọn ẹ̀gún. Ó ṣí ewé kejì, ó tún bá a níbẹ̀.

"Ṣé ó ti gba òmìnira?"

"Kò tíì gbà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti sọ fún un: kí n tó tú u sílẹ̀, kò gbọdọ̀ fi àmì ti ara rẹ̀ síṣẹ́."

"Ó wá lọ kọ odindi orúkọ." Gàfárù pa ìwé dé. "Mujeebat, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Lọ bá ìyá rẹ ní Mọ́lété. O ò gbọdọ̀ ya nǹkan kan mọ́ ní orúkọ ilé yìí."

Mujeebat dìde. Ó to bírò mẹ́ta tó fi ń yàwòrán sórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ Èjìdé yóò ti tó wọn.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló wí, ó sì jáde.

Nígbà tí ilé dá, Èjìdé gbé ìwé náà lé itan, ó ń fi ìka wá àmì ìyá rẹ̀ lójú ewé tó dorí kodò, nítorí ọdún kẹrin rèé tí ojú rẹ̀ kò ti rí ìlà bírò mọ́, tí Mujeebat ń bá a ya gbogbo àwòrán, tí ọmọ náà kò sì sọ fún ẹnì kan.